Ìwé Ìtàn Ẹgbẹ́ Rọ́ọ̀kì: Bí A Ṣe Ń Mọ Èyí Tó Sòótọ́ àti Èyí Tó Kàn Dùn Létí

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 1967, Keith Moon, onílù ẹgbẹ́ The Who, ṣe àjọyọ̀ ọjọ́ ìbí rẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì Holiday Inn kan ní ìlú Flint, ìpínlẹ̀ Michigan, ní Amẹ́ríkà. Àríyá náà di rúgúdù. Wọ́n ń sọ kéèkì lura wọn, eyín Moon kán, wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Títí dé ibẹ̀, ẹnu kò. Àmọ́ ní 1972, Moon fúnra rẹ̀ sọ fún akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Rolling Stone pé òun wa ọkọ̀ Lincoln Continental wọ inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Láti ìgbà náà ni ìtàn ọkọ̀ inú omi yìí ti ń ti inú ìwé kan bọ́ sínú òmíràn. Roger Daltrey, akọrin ẹgbẹ́ náà, ní òótọ́ ni. John Entwistle, tó ń ta gìtá báàsì, ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Nígbà tí Tony Fletcher fẹ́ kọ ìwé tirẹ̀ nípa Moon, èyí tó jáde ní 1998, ó tọpasẹ̀ ìtàn náà lọ bá àwọn tó wà níbi àríyá, ibi tó sì parí èrò sí ni pé ọkọ̀ kankan ò wọ omi.

Èwo wá ni kí òǹkàwé gbà? Àwọn kan á ní irọ́ ló kún ìwé àwọn olórin rọ́ọ̀kì látòkè délẹ̀, kí èèyàn kàn máa kà á gbádùn. Àwọn mìíràn á gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ nítorí pé ẹnu ẹni tọ́rọ̀ kàn ló ti jáde. Lójú tèmi, ọ̀nà méjèèjì ń fi nǹkan ńlá du òǹkàwé, torí àwọn ìwé kan wà nínú wọn tí iṣẹ́ ìwádìí inú wọn kò kéré sí ti ìwé ìtàn ogun tàbí ti ìjọba. Ohun tó ń ya wọ́n sọ́tọ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè kan ṣoṣo: báwo ni ẹni tó kọ ọ́ ṣe mọ ohun tó ń sọ?

Ìwé tí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí àtèyí tí wọn ò fọwọ́ sí

Tí wọ́n bá kọ ọ́ sára ìwé pé àwọn olórin náà fọwọ́ sí i, ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń rò pé a ti fi òǹtẹ̀ òótọ́ lù ú nìyẹn. Ohun tí ìfọwọ́sí ń sọ kò ju pé òǹkọ̀wé ráyè dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n jókòó bá a sọ̀rọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti ka iṣẹ́ náà kó tó jáde. Àǹfààní ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà ọ́ lálejò lè sọ yàrá tí o kò gbọdọ̀ ṣí fún ọ.

Hunter Davies ni The Beatles gbà láàyè láti kọ ìtàn wọn, ìwé náà sì jáde ní 1968, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ò tíì tú ká. Ó wọ ilé wọn, ó bá àwọn òbí wọn sọ̀rọ̀, ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣẹ̀dá orin. Síbẹ̀, Àǹtí Mimi tó tọ́ John Lennon, ọ̀kan nínú wọn, dàgbà kò fẹ́ràn bí ìwé náà ṣe sọ̀rọ̀ nípa ìwà ìpáǹle John nígbà èwe, Lennon sì ní kí Davies wá nǹkan ṣe tí Mimi á fi rọnú. Brian Epstein, mánéjà wọn, jẹ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ràn ọkùnrin, ìwé náà kò sì là á mọ́lẹ̀. Ó yẹ kó yé wa: oṣù Kẹjọ 1967 ni Epstein kú, oṣù kan péré ṣáájú ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dẹ́kun kíka irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín àgbàlagbà méjì sí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ ju èèyàn sẹ́wọ̀n. Nínú àwọn àtẹ̀jáde tó tẹ̀lé e, Davies fúnra rẹ̀ ṣàlàyé ohun tó fò àti ìdí tó fi fò ó. Mo gbóríyìn fún un lórí ìyẹn. Òǹkọ̀wé tó ń sọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ò dé ń ràn wá lọ́wọ́ láti gbẹ́kẹ̀ lé ibi tó dé.

Ìwé tí ẹgbẹ́ ò fọwọ́ sí náà ní àìsàn tirẹ̀. Ní 1985, Stephen Davis gbé ìwé Hammer of the Gods jáde nípa Led Zeppelin. Ìwé náà tà wàràwàrà, òun ló sì gbin àwòrán ẹgbẹ́ náà sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn títí dòní: òtẹ́ẹ̀lì tó fọ́ yángá, òru tí kò mọ́, àwàdà tó ti kọjá àwàdà. Ẹni tí ọ̀pọ̀ ìtàn wọ̀nyẹn ti ẹnu rẹ̀ jáde ni Richard Cole, ọ̀gá àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò wọn. Àwọn mẹ́ta tó kù lẹ́yìn tí John Bonham, onílù wọn, kú ní 1980 ta ko ìwé náà. Kò túmọ̀ sí pé Cole purọ́, kò sì túmọ̀ sí pé àwọn olórin náà ń sọ òótọ́. Ohun tó ṣe kedere ni pé ojú Cole ni a fi wo ẹgbẹ́ náà, ojú ẹni tó ń bá wọn gbé òtẹ́ẹ̀lì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Jimmy Page, ata-gìtá wọn, ṣe ń to ohùn gìtá lé ara wọn ní stúdíò, ibòmíràn ni yóò lọ.

Nípa ìwé tí olórin kọ fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ ká rántí pé ó máa ń ní ẹni tó bá a kọ ọ́. Akọ̀ròyìn á jókòó tì í fún ọ̀pọ̀ wákàtí, á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, á wá tò ó. Nǹkan ìtìjú kọ́, òmíràn tilẹ̀ wà nínú wọn tó dára gan-an. Keith Richards ti Rolling Stones àti James Fox ló jọ ṣe ìwé Life, tó jáde ní 2010. Ohun tó níye lórí jù nínú rẹ̀ fún mi ni lẹ́tà kan tí Richards kọ sí àǹtí rẹ̀ ní 1962, níbi tó ti ròyìn bí òun àti Mick Jagger, tó di akọrin Rolling Stones, ṣe pàdé ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Dartford, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ nípa àwo orin Chuck Berry. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ló kọ lẹ́tà yẹn, kò mọ̀ pé òun máa di gbajúmọ̀, kò sì sí ìdí fún un láti ṣe àwọ̀ sí i. Ojú ewé kan bẹ́ẹ̀ wúwo ju ogún ojú ewé tí àgbàlagbà ń fi ń rántí ìgbà èwe rẹ̀.

Ìrántí kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe ẹ̀rí

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti máa ń rú èèyàn lójú jù. Tí olórin kan bá sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀, a máa ń yára pè é ní onírọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti dáhùn ìbéèrè kan náà fún akọ̀ròyìn fún ogójì ọdún kì í rántí ìṣẹ̀lẹ̀ náà mọ́, bí ó ṣe máa ń sọ ọ́ ló ń rántí. Ìtàn náà á máa dán sí i lójoojúmọ́. Ibi tí àwọn olùgbọ́ ti ń rẹ́rìn-ín á gùn sí i, ibi tí wọ́n ti ń yán á já sọnù.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1976, Sex Pistols, ẹgbẹ́ olórin pọ́ńkì kan, ṣeré ní gbọ̀ngàn Lesser Free Trade Hall ní Manchester. Howard Devoto àti Pete Shelley ló ṣètò rẹ̀. Iye tí wọ́n sábà máa ń dá lé àwọn tó wá kò ju bí ogójì lọ. Lára wọn ni Peter Hook àti Bernard Sumner, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ tó di Joy Division sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Morrissey, tó di akọrin ẹgbẹ́ The Smiths, náà sì wà níbẹ̀. Nítorí pé alẹ́ yẹn ti di ìpìlẹ̀ nǹkan ńlá, iye àwọn tó ń sọ pé àwọn wà níbẹ̀ ti pọ̀ ju ohun tí gbọ̀ngàn náà lè gbà lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Àwọn kan lọ sí eré mìíràn tí Sex Pistols ṣe níbẹ̀ ní oṣù Keje, tí alẹ́ méjèèjì sì ti wọnú ara wọn lórí.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan náà pàápàá kì í rántí bákan náà. Ní oṣù Kẹfà 1975, Pink Floyd wà ní stúdíò Abbey Road lẹ́nu iṣẹ́ àwo Wish You Were Here. Ọkùnrin sísanra kan tó ti fá irun orí àti ti ìpéǹpéjú rẹ̀ wọlé, wọn ò sì tètè dá a mọ̀. Syd Barrett ni, ẹni tó jẹ́ aṣáájú wọn títí tí ọ̀nà wọn fi pín ní 1968. Kò sí ẹni tó jiyàn pé ó wá. Ṣùgbọ́n orin wo ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí? Kí ni Barrett sọ? Ṣé ọjọ́ kan ló wá ni, àbí ó tún padà wá? Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ yàtọ̀ síra. Òǹkọ̀wé tó bá mú ọ̀kan nínú ìròyìn wọ̀nyí, tó kọ ọ́ bí ẹni pé òun nìkan ló wà, ti ṣì wá lọ́nà, kódà tó bá jẹ́ pé èyí tó mú gan-an ló tọ̀nà. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ìwé tí ohùn àwọn tó wà níbẹ̀ ń tẹ̀ lé ara wọn nìyẹn: àtakò wọn hàn sójú táyé. Ìwé The Dirt ti ẹgbẹ́ Mötley Crüe, tí wọ́n bá Neil Strauss ṣe ní 2001, ṣe bẹ́ẹ̀, tí ẹni kan á sọ tirẹ̀ tán tí ẹnìkejì á já a nírọ́ ní orí tó tẹ̀ lé e. Àléébù irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí onídàájọ́ níbẹ̀. Gbogbo wọn lè jọ ṣìnà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó ń tú irú àdììtú bẹ́ẹ̀ ni ìwé tó ti wà nílẹ̀ láti ìgbà yẹn: àdéhùn, rísíìtì, àkọsílẹ̀ stúdíò, ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ náà, fíìmù. Àpẹẹrẹ tó dùn mọ́ mi jù wá láti ọwọ́ Mark Lewisohn, òǹkọ̀wé ìtàn The Beatles. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni pé George Martin, tó ń darí gbígba orin sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ àwo orin EMI, gbọ́ The Beatles ní stúdíò EMI lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹfà 1962, ó fẹ́ràn wọn, ó sì gbà wọ́n. Ìtàn náà dùn, nítorí pé a fẹ́ kí ẹ̀bùn ṣílẹ̀kùn fún ara rẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ Tune In, tó jáde ní 2013, Lewisohn tú àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ EMI, ó sì fi hàn pé wọ́n ti ń ṣètò ìwé àdéhùn náà láti oṣù Karùn-ún, kí Martin tó gbọ́ wọn ní stúdíò rárá. Ilé iṣẹ́ kan lábẹ́ EMI tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ orin ló ń wá orin tí Lennon àti Paul McCartney, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kọ, ìyẹn ló sì ti ilẹ̀kùn ṣí. Òótọ́ tuntun yìí kò ba ìtàn jẹ́. Ó sọ ọ́ di ìtàn àwọn èèyàn nínú ọ́fíìsì, owó, ìjà abẹ́lẹ̀ àti oríire, ó sì dùn ju ti àtijọ́ lọ. Ìwé náà lé ní 900 ojú ewé, ó sì parí sí ìparí 1962, kí ayé tó mọ̀ wọ́n rárá. Àwọn kan ní ó gùn jù. Mi ò rò bẹ́ẹ̀.

Ìtàn tó bá ti wọ̀ rẹ́gí jù náà ń fẹ́ ìfura. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá 1969, níbi eré Rolling Stones ní Altamont, ní California, wọ́n fi ọ̀bẹ gún ọ̀dọ́kùnrin kan, Meredith Hunter, pa níwájú pèpéle. Ìròyìn àkọ́kọ́ ní orin Sympathy for the Devil ni wọ́n ń kọ lọ́wọ́. Orin èṣù, ikú òjijì, òpin ọdún 1960 sí 1969: gbogbo rẹ̀ bára mu débi pé ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kọ ọ́ láìwádìí. Fíìmù Gimme Shelter tí wọ́n yà lọ́jọ́ náà, tó sì jáde ní 1970, fi hàn kedere pé Under My Thumb ni wọ́n ń kọ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rí ti wà níta fún gbogbo èèyàn láti wò, síbẹ̀ àṣìṣe náà ò tíì kúrò nílẹ̀. Tí mo bá rí i nínú ìwé tuntun, mo máa ń mọ̀ pé òǹkọ̀wé náà da ọ̀rọ̀ kọ láti inú ìwé ẹlòmíràn ni.

Ibòmíràn tó yẹ ká ti là ojú wa ni ibi tí òǹkọ̀wé ti wọ inú ọkàn ẹni tó ti kú. Charles Cross ṣe ìwádìí tó lágbára fún Heavier Than Heaven, ìwé 2001 rẹ̀ nípa Kurt Cobain ti Nirvana. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé wákàtí ìkẹyìn Cobain ní oṣù Kẹrin 1994, ó ròyìn ohun tó ṣe àtohun tó ń rò, nígbà tó jẹ́ pé Cobain nìkan ló wà nínú yàrá yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú sí i, mo sì rò pé wọ́n jàre. Ta ló wà níbẹ̀? Tí kò bá sí ẹnikẹ́ni, àròsọ la ń kà, bó ti wù kó fa omijé tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjíròrò tó kún ojú ewé méjì lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, láti alẹ́ kan tí gbogbo wọn ti mutí yó ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn.

Fíìmù tiẹ̀ tún ń ṣe ju ìwé lọ. Bohemian Rhapsody, fíìmù ọdún 2018 nípa ẹgbẹ́ Queen, fi Freddie Mercury, akọrin wọn, hàn pé ó sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣáájú Live Aid, eré ńlá tí wọ́n fi kó owó jọ fún àwọn tí ìyàn mú ní Etiópíà, ní 1985 pé òun ní kòkòrò HIV. Ohun tí àwọn tó sún mọ́ ọn sọ ni pé nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn Live Aid ló tó mọ̀.

Kí ló ń mú ìwé dùn ún kà?

Ọ̀pọ̀ ń rò pé òótọ́ àti adùn ń bára wọn jà, pé ìwé tó ṣe ìwádìí á gbẹ, èyí tó bá dùn á sì kún fún àsọdùn. Ìwé gbígbẹ wà lóòótọ́, tí ọjọ́ eré àti ipò orin lórí àtẹ kàn ń tẹ̀ lé ara wọn. Ṣùgbọ́n ìtàn ìwà pálapàla náà kì í pẹ́ sú èèyàn. Lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì kẹta tí wọ́n bà jẹ́, èkẹrin ò jọni lójú mọ́.

Ohun tó ń dá mi dúró sínú ìwé ni kí n gbọ́ orin tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ bí ẹni pé n kò gbọ́ ọ rí. Òǹkọ̀wé tó lè sọ ìdí tí ìlù fi dún báyìí nínú orin kan, yàrá tí wọ́n ti lù ú, ibi tí wọ́n gbé gbohùngbohùn sí, ẹni tó tako o àti ẹni tó taku, ti fún mi ní nǹkan tí mi ò lè rí níbòmíràn. Ìbẹ̀rẹ̀ sábà máa ń dùn ju ìparí lọ, torí pé nígbà tí kò sí owó, tí èèyàn márùn-ún fún ara wọn mọ́nú ọkọ̀ kan, ìpinnu kọ̀ọ̀kan ló ní ìnira tirẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá lókìkí, ó di àwo orin, ìrìn àjò, àwo orin, ìrìn àjò. Òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ á sáré kọjá ibẹ̀.

Owó náà ń mú ìtàn dùn, ibẹ̀ sì ni òótọ́ ti ṣòro rí jù. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lára orin gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́ ló ń gba owó orin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Onílù àti ata-gìtá tó kàn bá wọn ṣe é lè má rí kọ́bọ̀ nínú ìyẹn. Nítorí náà, “ta ló kọ ọ́?” kì í ṣe ìbéèrè ìgbéraga lásán. A Whiter Shade of Pale, orin Procol Harum, jáde ní 1967. Matthew Fisher ló tẹ dùùrù tó gbajúmọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn tó kọ ọ́. Ó gbé ẹjọ́ lọ sílé ẹjọ́ ní 2005, ẹjọ́ náà dé Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ní 2009 ni wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ní ìpín nínú ẹ̀tọ́ orin náà. Ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ wà níta fún ẹnikẹ́ni láti kà, a sì gba ẹ̀rí níbẹ̀ lábẹ́ ìbúra. Òǹkọ̀wé tó kọ nípa irú ìjà yìí láìwo ìwé ilé ẹjọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Tí ìwé bá bọ́ sọ́wọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ó sọ ibi tó ti rí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn tó bá sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, àti àwọn tó fa ọ̀rọ̀ wọn yọ nínú ìwé ìròyìn àtijọ́. Ẹ wo ẹni tí ohùn rẹ̀ ò sí níbẹ̀: onílù tí wọ́n lé, ìyàwó àkọ́kọ́, ẹnjiníà stúdíò. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìtàn kan tí ẹ ti mọ òótọ́ rẹ̀ dáadáa, kí ẹ wo ọwọ́ tí òǹkọ̀wé fi mú un.

Ẹ tún wo ọdún tí wọ́n tẹ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Ní 1993, Michael Azerrad gbé ìwé Come as You Are jáde nípa Nirvana, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ wákàtí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí Cobain fún un. Ibẹ̀ ni Cobain ti sọ pé òun sùn lábẹ́ afárá ní ìlú Aberdeen, ìpínlẹ̀ Washington, nígbà tí òun ò nílé, ohun tí Krist Novoselic, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ta kò lẹ́yìn náà. Ní 2023, Azerrad padà sídìí ìwé yẹn, ó tẹ ẹ̀dà tuntun, ó sì ń kọ àlàyé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ àtijọ́: ibi tí Cobain ti ń ṣẹ̀dá ìtàn ara rẹ̀, ibi tí òun fúnra òun ti yára gbà á gbọ́. Tí ẹ bá lè rí ẹ̀dà 2023 yìí, òun ni kí ẹ kà.